Alárenà, Agbowó-ilé, Alágbàtọ́: Èrò Kan lórí Orúkọ Ẹni tí Ó Ń Tọ́jú Ilé Àyágbé

Nígbà tí iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa, ohun tí ó jẹ wá lógún jù ni bí a ó ṣe rí orúkọ fún àwọn nǹkan tí ojú lásán kò lè rí: átọ́ọ̀mù, kòkòrò àìfojúrí, agbára òòfà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó nínú yàrá tí ó yá gbé, tí ó sì fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó ń mójú tó ilé náà pé òjò ń wọlé, yóò rí i pé òun kò mọ orúkọ tí òun yóò fi pe onítọ̀hún. Yóò kọ "éjẹ́ǹtì", yóò sì pa ìwé náà dé.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ta kókó. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, éjẹ́ǹtì. Èdè wa ti ní orúkọ fún méjì nínú wọn. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni kò ní orúkọ tí gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Nítorí pé kò ní orúkọ, kò sí ẹni tí ń béèrè rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń fẹ́ san owó rẹ̀. Ilé ni ó ń jìyà, àwọn tí ó sì ń gbé inú ilé ń bá a jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹni tí ó ń bá ni wá ilé. Ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, pátákó kékeré ni a ó kọ́kọ́ rí lára ògiri tàbí lára òpó iná: yàrá kan àti pálọ̀ wà, ẹ pe nọ́ḿbà yìí. Ẹni tí ó ni pátákó náà yóò mú wa lọ wo ilé bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí a bá rí èyí tí ó tẹ́ wa lọ́rùn, a ó san owó ilé, a ó san owó éjẹ́ǹtì, a ó sì tún san owó ìwé àdéhùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú owó méjì tí ó kẹ́yìn yìí sábà máa ń tó ìdá 10 nínú 100 owó ilé ọdún kan, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, a kì í sábà rí ẹni náà mọ́. A kò sì lè torí rẹ̀ bú u. Alárenà ni. Ohun tí alárenà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ni ó ṣe: ó jẹ́ kí ojú mọ ojú, ó sì yẹ̀ bá. Kò sí ìyàwó ilé tí í ránṣẹ́ pe alárenà nígbà tí ara ọkọ rẹ̀ kò bá yá.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ibi tí owó alárenà ti ń wá. Onílé ni ó yàn án, ayálégbé ni ó ń san owó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń san án, ní ọjọ́ tí a wọlé. Nítorí náà, bí ayálégbé kan bá fi ìrọ̀rùn gbé inú ilé fún ọdún mẹ́wàá, alárenà kò rí kọ́bọ̀ kan gbà sí i. Bí ayálégbé márùn-ún bá wọlé tí wọ́n sì jáde láàárín ọdún mẹ́wàá náà, ó gbowó lẹ́ẹ̀marùn-ún. A kò sọ pé alárenà a máa tìtorí èyí lé ènìyàn jáde. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ohunkóhun nínú ètò owó rẹ̀ tí yóò mú un ro ti òrùlé tí ń jò. Onílé tí ó bá fi ìtọ́jú ilé lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ dà bí ẹni tí ó fà ewúrẹ́ lé alápatà lọ́wọ́ pé kí ó bá òun sìn ín.

Ẹnì kejì ni agbowó-ilé. Orúkọ tirẹ̀ dá ṣáká, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nínú òfin pàápàá, iṣẹ́ alárenà àti iṣẹ́ agbowó-ilé ni ó hàn jù. Òfin Ìgbàpadà Ilé tí ó wà nínú àkójọ òfin Àbújá ti 1990 túmọ̀ éjẹ́ǹtì sí ẹni tí onílé sábà máa ń lò láti fi ilé fún ayálégbé, tàbí láti gba owó ilé, tàbí ẹni tí onílé fún ní ìwé àṣẹ fún ọ̀ràn kan pàtó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí òrùlé nínú rẹ̀, kò sí omi, kò sí ògiri.

A lè takò wá níbí pé orúkọ kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, ènìyàn ni. Àpẹẹrẹ kan wà tí ó ti àtakò yìí lẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà sí wa, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ní 1865, ní agbègbè Marylebone nílùú Lọ́ńdọ̀nù, John Ruskin fi owó rẹ̀ ra ilé mẹ́ta ní Paradise Place, ó sì fi wọ́n lé Octavia Hill lọ́wọ́. Ilé àwọn tálákà ni, wọ́n sì ti bàjẹ́ gidigidi. Àdéhùn tí ó wà láàárín wọn ni pé kí owó náà máa mú èrè ìdá 5 nínú 100 wá fún ẹni tí ó ni ilé lọ́dún. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, kí a fi tún ilé ṣe. Hill àti àwọn obìnrin tí ó kọ́ ní iṣẹ́ náà a máa lọ gba owó ilé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ. Agbowó-ilé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dé ilé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè ṣàìrí àtẹ̀gùn tí ó yẹ̀, fèrèsé tí ó fọ́, tàbí omi tí ó dárogún. Gbígba owó di ọ̀nà láti wo ilé.

A gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ó yàtọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ní àwọn ìlú ńlá wa, ọdọọdún ni a sábà ń san owó ilé, a sì ń san án ṣáájú. Àwọn onílé mìíràn tilẹ̀ ń béèrè ti ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òfin Ìyálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kà á léèwọ̀ láti gba ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. (Òfin náà yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, níbi tí owó ilé ti ga jù, ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí kò tíì yé òǹkọ̀wé yìí.) Agbowó-ilé ti Hill ń dé ilé ní ìgbà 52 lọ́dún, tiwa ń dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láyé òde òní tí a ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì dé báńkì lórí fóònù, ó lè má tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá. Agbowó nìkan ni ó kù nínú orúkọ rẹ̀. Ilé ti jáde.

Kí wá ni iṣẹ́ kẹta náà? Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣó kan ṣoṣo lórí òrùlé. Páànù a máa gbóná lọ́sàn-án, a sì máa tutù lóru. Bí ó ti ń gbóná ni ó ń nà, bí ó ti ń tutù ni ó ń súnkì. Ìṣó tí ó dè é mọ́ igi yóò máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ihò rẹ̀ yóò fi gba omi. Ẹni tí ó bá gun òrùlé ní oṣù Èrèlé, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, yóò fi ìṣó tuntun àti ọ̀dà díẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Bí kò bá sí ẹni tí ó gùn ún, omi yóò máa kán sí orí àjà. Láti orí àjà yóò dé ibi wáyà iná. Igi òrùlé yóò bẹ̀rẹ̀ sí rà, ikán yóò sì rí ọ̀nà. Nígbà tí ayálégbé bá fi máa pariwo, owó ìṣó ti di owó káfíńtà, owó oníṣẹ́ iná àti owó akunlé. Ìjà yóò sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí yóò san án.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòtò ìdọ̀tí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sókàwéè. Ẹni tí ó bá ń ṣí i wò mọ ìgbà tí yóò kún. Ẹni tí kì í wò ó yóò mọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ó bá ti ń tú jáde sí àárín ọgbà tí kò sì sí ọkọ̀ tí yóò wá fà á. Ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga ní àkókò tirẹ̀, táǹkì omi ní tirẹ̀, gọ́tà ní tirẹ̀.

Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbí. Ohun tí ó ti bàjẹ́ ni a ń tún ṣe. Ohun tí kò tíì bàjẹ́ ni a ń tọ́jú. Àtúnṣe ni iṣẹ́ ẹni tí a pè lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ ẹni tí kò jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. A dábàá pé kí a ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ bí a bá ń kọ àdéhùn ilé ní Yorùbá, kí a má sì fi ọ̀kan dípò èkejì. Onílé tí ó bá sọ pé "Èmi ni mo ń ṣe àtúnṣe" kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìṣó orí òrùlé ní oṣù Èrèlé.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìnira lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà, 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fàájì ní Erékùṣù Èkó. Àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, ilé-ìwé àwọn ọmọdé sì wà lókè. Ó kéré tán, ènìyàn 20 ni ó kú, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ tí ń mójú tó ilé kíkọ́ sọ lẹ́yìn náà pé ilé náà wà lára àwọn tí a ti sàmì sí tẹ́lẹ̀ pé kí a wó. Àmì wà lára ògiri, ènìyàn ṣì wà nínú ilé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó gbowó kò ní ohun tí yóò mú un lọ bá onílé kan kí ó sì sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ má gba owó lórí ilé yìí mọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde." Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti lé owó ti ara rẹ̀ lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí yẹ lẹ́nu.

Orúkọ wo ni a ó wá pe ẹni yìí? Oríṣiríṣi ni a ti gbọ́. Àwọn kan ń lo kíátékà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́jú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní àgbàlá wa, ayálégbé kan tí onílé fi ṣe olórí àwọn yòókù ni kíátékà, tí ó ń gba owó iná kiri láti yàrá dé yàrá, tí ó sì ń bá wọn jà lórí ẹni tí ó kàn láti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alámòójútó àti alábòójútó dára, ṣùgbọ́n wọ́n gbòòrò jù; a ń lò wọ́n fún ẹni tí ó ń ṣọ́ àwọn tí ó ń ṣe ìdánwò, a sì ń lò wọ́n fún ẹni tí ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Lọ́nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú nìkan ni ó wà nínú wọn. Ènìyàn lè mójú tó ilé títí ilé yóò fi wó lójú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ìtàn dábàá ajẹ́lẹ̀. Ó ní ajẹ́lẹ̀ ni aṣojú olówó níbi tí olówó kò sí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn wí nípa àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà? Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì ń gba tiwọn lé e. Ìwà wọn wà lára ohun tí ó fa ọ̀tẹ̀ tí ó di ogun Kírìjì, tí ó gba ọdún 16, láti 1877 sí 1893. Orúkọ tí ó bá irú ogun bẹ́ẹ̀ tan, kò yẹ kí a tún gbé e wọ inú ọgbà tí ìdílé mẹ́jọ jọ ń gbé. Ọ̀rẹ́ wa rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Ìríjú sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì Yorùbá mọ ìríjú, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò ní kí ó wá ṣírò iṣẹ́ tí ó ṣe. Ìṣírò yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé. Òfin Èkó ti 2011 pàápàá sọ pé ayálégbé tí ó san owó ìdógò, tàbí owó fún àwọn ohun tí gbogbo ilé jùmọ̀ ń lò, ní ẹ̀tọ́ sí ìṣírò tí a kọ sílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Níbí gan-an ni ìríjú ti kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni ìríjú ń jíhìn fún, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ilé, ìhìn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ayálégbé pẹ̀lú.

Èyí tí àwa fara mọ́ ni alágbàtọ́ ilé. Alágbàtọ́ ni ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀, gbà àti tọ́, a kò sì lè yọ ọ̀kan kúrò kí orúkọ náà dúró. Agbowó-ilé gbà, kò tọ́. Gbà ń sọ fún wa pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni náà kì í ṣe tirẹ̀, pé ẹnì kan wà tí yóò padà wá béèrè rẹ̀. Tọ́ ń sọ fún wa pé kò tó kí ó kàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé kì í dàgbà bí ọmọ, gbígbó ni ó ń gbó. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí ó gbó dáadáa, òmíràn sì wà tí ó gbó ní ìgbókúgbó, ọwọ́ alágbàtọ́ ni ó sì fa ìyàtọ̀ náà.

Ohun tí ó mú wa fẹ́ràn orúkọ yìí jù ni pé ilé ni ọmọ nínú rẹ̀. Ayálégbé kọ́ ni ọmọ, nítorí àgbàlagbà ni, owó rẹ̀ ni ó sì ń san. Onílé náà kọ́. Bí onílé kò bá fẹ́ náwó, tí ayálégbé sì ń lo ilé nílòkulò, alágbàtọ́ lè kọjú sí àwọn méjèèjì láìgbè sẹ́yìn ẹnì kan, nítorí pé òun ń sọ̀rọ̀ nítorí ohun tí a fi lé òun lọ́wọ́. Ẹ fi èyí wé ìwà àwọn tí wọ́n ń ṣí páànù òrùlé kúrò lórí ayálégbé tí ó jẹ owó ilé, tàbí tí wọ́n ń yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Òfin 2011 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá lé ayálégbé jáde tàbí láti wó ilé mọ́ ọn lórí láìgba àṣẹ ilé-ẹjọ́; ó sì fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ pa ti òfin tì. Éjẹ́ǹtì tí ó ṣí òrùlé lè sọ pé iṣẹ́ onílé ni òun ń jẹ́. Kí ni alágbàtọ́ tí ó ṣí òrùlé ilé tí a ní kí ó tọ́ fẹ́ sọ?

Àwọn kan yóò sọ pé a ti ń lo alágbàtọ́ fún ẹni tí ń tọ́ ọmọ, pé yóò da ọ̀rọ̀ rú. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ilé tí ó tẹ̀ lé e ti là á yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tí ń ṣi bàbá ìsàlẹ̀ mú fún bàbá tí ó bí ni lọ́mọ. Àtakò tí ó wúwo jù ni ti àwọn tí ó sọ pé alágbàtọ́ mìíràn a máa sọ ọmọ ọlọ́mọ di tirẹ̀. Òtítọ́ ni, a sì ti rí ilé tí ó bọ́ mọ́ ẹni tí a ní kí ó máa tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àléébù yìí wà lára iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, orúkọ yòówù kí a pè é. Ìwé àdéhùn àti ìṣírò oṣù mẹ́fà ni a fi ń dènà rẹ̀.

Ní ti owó iṣẹ́, àṣà àgbàsìn lè là wá lójú. Ẹni tí ó ní ewúrẹ́ tí kò sì ráyè sìn ín a máa gbé e fún ẹlòmíràn sìn. Bí ewúrẹ́ náà bá bímọ, wọn a pín in gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe àdéhùn. Ẹni tí ń sìn ín kò rí nǹkan kan gbà ní ọjọ́ tí a fa ewúrẹ́ dé. Ìgbà tí ewúrẹ́ bá yè tí ó sì bí ni tirẹ̀ tó dé. Bí ó ṣe yẹ kí a san owó alágbàtọ́ ilé nìyí: ìdá kan nínú owó ilé tí ó ń wọlé, láti ọ̀dọ̀ onílé, fún ìgbà tí ilé bá fi wà ní ipò tí ènìyàn lè gbé. Kì í ṣe owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ayálégbé ní ẹnu ọ̀nà.

Ibì kan wà tí àìsí orúkọ yìí ti ń ba ẹbí jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà kọ́lé sílé, wọ́n sì fi í lé àbúrò wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kò lè béèrè ìṣírò lọ́wọ́ àbúrò kí ó má dà bí ẹni pé ó fẹ̀sùn olè kàn án. Àbúrò náà kò lè béèrè owó iṣẹ́ kí ó má dà bí aláìmoore tí ó gbàgbé ẹni tí ó san owó ilé-ìwé rẹ̀. Nítorí náà, àbúrò a máa mú díẹ̀ nínú owó ilé láìsọ, ẹ̀gbọ́n a sì máa fura láìbéèrè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá dé ní oṣù Ọ̀pẹ̀ tí ó sì rí i pé àjà ti já, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá ni wọn yóò sọ láàárín wákàtí kan, ìyá wọn yóò sì máa sunkún lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ilé mọ́. Bí iṣẹ́ náà bá ní orúkọ, a lè gbà á, a sì lè kọ̀ ọ́. Àbúrò lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá fẹ́ kí n jẹ́ alágbàtọ́ ilé yín, iye tí n ó máa gbà nìyí, ìṣírò yóò sì máa tẹ̀ yín lọ́wọ́." Ó sì lè sọ pé òun kò lè ṣe é, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kò sí èyí tí ó lè sọ nísinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ń dá ìjà sílẹ̀ ni ti owó ìdógò tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ nígbà tí ó ń wọlé, nítorí ohun tí ó lè bàjẹ́. Ní ọjọ́ tí ó bá ń jáde, onílé yóò tọ́ka sí ọ̀dà ògiri tí ó ti ṣá, yóò sì ní òun kò ní dá owó padà. Ayálégbé yóò ní ọdún mẹ́fà ni òun fi gbé ibẹ̀. Ọ̀dà wo ni kì í ṣá? Òfin 2011 ní kí ayálégbé jẹ́ kí ilé wà ní ipò tí ó dára, yàtọ̀ sí gbígbó tí ó bá ìlò mu. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ti yanjú ọ̀ràn yìí tipẹ́. Aṣọ a máa gbó, a kì í sì í bá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ jà. Aṣọ a máa ya, a sì máa ń béèrè ohun tí ó fà á ya. A dábàá àlògbó fún èyí tí ìlò ojoojúmọ́ mú wá, kí a sì lo àṣìlò, tí ó ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀, fún èyí tí ó wá láti inú àìbìkítà. Ilẹ̀kùn tí ó ń dún nígbà tí a bá ṣí i jẹ́ àlògbó. Ilẹ̀kùn tí a fi ẹsẹ̀ gbá já jẹ́ àṣìlò. Táìsì ilé ìdáná tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá jẹ́ àlògbó. Táìsì tí ó fọ́ nítorí pé a ń gún iyán lórí rẹ̀ láìfi nǹkan tẹ́ odó jẹ́ àṣìlò. (A mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa láti Èkìtì yóò kọ̀wé nípa èyí.) Àlògbó, ọrùn onílé ni ó wà, àṣìlò, ọrùn ayálégbé. Alágbàtọ́ ni ó yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀ wọn, kò sì lè mọ̀ ọ́n bí kò bá rí ilé náà ní ọjọ́ tí ayálégbé wọlé.

A kò gbàgbé pé àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. NIESV, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìdíyelé àti ìṣàkóso ohun-ìní, bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Àṣẹ ìjọba ológun nọ́ḿbà 24 ti 1975 sì fún iṣẹ́ wọn ní ìdúró lábẹ́ òfin. A ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní Ifẹ̀ àti ní Yunifásítì Èkó. Alágbàtọ́ ilé kì í ṣe ìtumọ̀ oyè tiwọn, nítorí pé iṣẹ́ wọn gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka kan lára rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ wọn, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bá bíríkìlà àti ìyá tí ó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn ni a fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, kí wọ́n sì sọ fún wa èyí tí ó wọ̀ àti èyí tí kò wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò tíì tẹ́ wa lọ́rùn. Òun ni orúkọ ìwé tí ó yẹ kí alágbàtọ́ àti ayálégbé jọ kọ ní ọjọ́ ìwọlé, kí wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i, tí yóò sọ bí ògiri, ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi àti wáyà iná ti rí ní ọjọ́ náà. Ìwé ipò ilé ni a ń lò nínú kíláàsì wa báyìí, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé ó dún bí ìwé ilẹ̀. Bí òǹkàwé kan bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú.